Láti Kíláàsì dé Wọ́ọ̀dù: A Dáhùn Ìbéèrè Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Nọ́ọ̀sì

Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn lẹ́tà ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹnì kan ṣoṣo ló jẹ́ ọ̀gá tó ń tọ́ wọn sọ́nà. A gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, a sì yọ orúkọ kúrò. Bí ẹ ṣe ń kà wọ́n, ẹ ó rí i pé ìbẹ̀rù kan náà ló fara pa mọ́ sínú púpọ̀ nínú wọn: ìbẹ̀rù láti la ẹnu sọ pé "èyí ò tíì yé mi."

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo mọ orúkọ gbogbo eegun ara bí ẹní mowó, àmọ́ bí wọ́n bá ti ní kí n ṣírò oògùn, orí mi á dàrú. Ní ilé ẹ̀kọ́ wa, àfi kéèyàn gba gbogbo máàkì nínú ìdánwò yẹn kó tó lè dé wọ́ọ̀dù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fìdí rẹmi. (Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní)

Ìsọdipúpọ̀ àti pínpín ni gbogbo ìṣirò tó wà níbẹ̀, ẹ sì ti mọ méjèèjì láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ ni yíyí ìwọ̀n padà, àmì dẹ́símà, àti kíkánjú tẹ ẹ̀rọ ìṣirò kí èèyàn tó mọ ohun tó ń wá.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwọ̀n. Gíráàmù 1 jẹ́ mílígíráàmù 1,000. Mílígíráàmù 1 jẹ́ máíkrógíráàmù 1,000. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ rí i pé ohun tí dókítà kọ àti ohun tó wà lára páálí oògùn wà ní ìwọ̀n kan náà. Bí dókítà bá kọ gíráàmù 0.5, tí páálí sì sọ pé mílígíráàmù 250 ló wà nínú hóró kan, ẹ kọ́kọ́ sọ 0.5 yẹn di mílígíráàmù 500. Hóró 2 ni aláìsàn máa lò.

Fún oògùn olómi, ẹ mú iye tí wọ́n ní kí ẹ fún aláìsàn, ẹ fi iye tó wà nínú ìgò pín in, kí ẹ wá fi iye omi inú ìgò náà sọ ọ́ di púpọ̀. Ká ní wọ́n kọ mílígíráàmù 75, tí ìgò kékeré tí a ń ṣẹ́ lórí sì ní mílígíráàmù 100 nínú mílílítà 2. Ẹ fi 100 pín 75, ẹ ó rí 0.75. Ẹ fi 2 sọ ọ́ di púpọ̀, mílílítà 1.5 ni. Àmọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ, ẹ fojú díwọ̀n rẹ̀ ná: 75 kò tó 100, nítorí náà ìdáhùn kò lè tó mílílítà 2, 75 sì ju ìdajì 100 lọ, nítorí náà ìdáhùn gbọ́dọ̀ ju 1 lọ. Bí ẹ̀rọ bá wá gbé 15 jáde, ẹ ó ti mọ̀ pé ọwọ́ yín ṣìnà. Ìfojúdíwọ̀n yìí ni àwọn tó ń kùnà kì í ṣe, òun gan-an ló sì ń gba ẹ̀mí là ní wọ́ọ̀dù. Bí ìṣirò bá ní kí ẹ ṣẹ́ ìgò oògùn mẹ́fà fún ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ dúró, kí ẹ pe ẹlòmíràn wá wò ó.

Ti dírípù: ẹ fi iye ẹ̀kán tó wà nínú mílílítà kan sọ iye omi di púpọ̀, kí ẹ fi iye ìṣẹ́jú pín in. Mílílítà 1,000 tó gbọ́dọ̀ wọlé láàárín wákàtí 8, pẹ̀lú okùn dírípù tó ń kán ẹ̀kán 20 ní mílílítà kan: 1,000 lọ́nà 20 jẹ́ 20,000; wákàtí 8 jẹ́ ìṣẹ́jú 480; ẹ pín in, ó di 41.67, ìyẹn ẹ̀kán 42 ní ìṣẹ́jú kan. Lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀kán 10 tàbí 11 ni ẹ ó kà ní ìṣẹ́jú àáyá 15. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé èèyàn á gbàgbé láti sọ wákàtí di ìṣẹ́jú. Èkejì ni pé á fi 20 ṣírò nígbà tí ọ̀rá okùn náà kọ 15 tàbí 60 sára. Ẹ ka ara ọ̀rá náà ní gbogbo ìgbà. Bí ó bá jẹ́ okùn tó ń kán ẹ̀kán 60 ní mílílítà kan, iṣẹ́ ti rọrùn: mílílítà 50 ní wákàtí kan jẹ́ ẹ̀kán 50 ní ìṣẹ́jú kan.

Ẹ kọ 0.5, ẹ má kọ .5. Ẹ kọ 5, ẹ má kọ 5.0. Bí àmì dẹ́símà bá parẹ́ tàbí tí ẹnikẹ́ni kò rí i, .5 á di 5, 5.0 á sì di 50, ìlọ́po mẹ́wàá ni yẹn. Bákan náà, ẹ kọ "yúníìtì" ní kíkún fún ínsúlínì, oògùn àtọ̀gbẹ. Bí ẹ bá gé e kúrú sí U, ẹlòmíràn lè kà á sí òdo. Sírínjì ínsúlínì nìkan ni kí ẹ sì fi fà á.

Ìbéèrè márùn-ún lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á ṣe yín láǹfààní ju àádọ́ta lálẹ́ ọjọ́ ìdánwò lọ. Ẹ ní ìwé kékeré kan tí ẹ ó máa kọ irú àṣìṣe tí ẹ ṣe sí. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ ó rí i pé àṣìṣe kan tàbí méjì péré lẹ ń tún ṣe.

Bí mo bá wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, sístà tó ń tọ́ mi sọ́nà á tún un wọn, tèmi á sì fi 20 ga ju tiwọn lọ. Nígbà mìíràn, mi ò tilẹ̀ gbọ́ nǹkan kan, mo kàn ń kọ nọ́ńbà tó bá sún mọ́ ti àná. Ojú ń tì mí. (Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní wọ́ọ̀dù àkọ́kọ́)

Ibi tí ẹ parí lẹ́tà yín sí la ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má tún kọ nọ́ńbà tí ẹ kò gbọ́ mọ́ láé. Nọ́ńbà yẹn ni dókítà máa wò kó tó fi kún oògùn tàbí kó dá a dúró. Ẹ sọ pé, "Mi ò gbọ́ ọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ ọ." Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ni sístà lè fọkàn tán.

Ní ti 20 tó lé, ẹ kọ́kọ́ wo aṣọ tí ẹ ń dì mọ́ apá aláìsàn. Àpò atẹ́gùn inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí ìdá 80 nínú 100 apá náà ká, fífẹ̀ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tó ìdá 40 nínú 100 àyíká apá. Èyí tó bá kéré jù á gbé nọ́ńbà ga, èyí tó bá tóbi jù á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó sanra tí ẹ fi aṣọ tí kò tó dì lápá lè dà bí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru nígbà tí kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo bí aláìsàn ṣe jókòó: kó ti sinmi fún ìṣẹ́jú 5, kó fẹ̀yìn ti àga, kó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lélẹ̀ láìgbé ọ̀kan lé èkejì, kí apá rẹ̀ wà lórí nǹkan tó ga dọ́gba pẹ̀lú ọkàn, kó má sì sọ̀rọ̀. Apá tó bá rọ̀ dirodiro sísàlẹ̀ á gbé nọ́ńbà ga. Ìtọ̀ tó ti kún inú náà ń gbé e ga, kí ẹ sì bi í kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Kí etí yín lè gbọ́, ẹ jẹ́ kí ẹnu stethoscope (ohun èlò tí a fi ń gbọ́ ìró inú ara) tó ń wọ etí kọjú síwájú, sápá imú yín. Etí ìsàlẹ̀ aṣọ náà yẹ kó fi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 ga ju ibi tí ìgbọ̀nwọ́ ti ń ṣẹ́ lọ. Ẹ fi ìka wá ibi tí iṣan ti ń sọ nínú ìgbọ̀nwọ́ náà, ibẹ̀ ni kí ẹ gbé stethoscope lé. Ẹ wá fi ìka mú iṣan tó ń sọ ní ọrùn ọwọ́, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sínú aṣọ náà títí ẹ kò fi ní mọ̀ ọ́n lára mọ́, ẹ ṣàkíyèsí nọ́ńbà ibẹ̀, ẹ tú atẹ́gùn náà dànù. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ẹ fẹ́ ẹ kó fi 30 kọjá nọ́ńbà yẹn. Àwọn kan tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru wà tí ìró wọn máa ń dákẹ́ láàárín, tó tún máa ń padà wá. Ẹni tí kò fẹ́ ẹ ga tó á bọ́ sáàárín ìdákẹ́jẹ́ yẹn, á sì kọ nọ́ńbà òkè tó kéré púpọ̀ sí òótọ́.

Ẹ tú u díẹ̀díẹ̀, 2 sí 3 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìró àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà òkè, ibi tí ìró ti pòórá pátápátá ni nọ́ńbà ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá tú u wàrà á pàdánù ìró àkọ́kọ́. Bí ẹ kò bá gbọ́ dáadáa, ẹ má fẹ́ ẹ padà láàárín ọ̀nà. Ẹ tú gbogbo rẹ̀ dànù, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan, ẹ tún un ṣe.

Níwọ̀n ìgbà tí a ti wà lórí kíkọ nọ́ńbà tí èèyàn kò kà: mímí aláìsàn ni wọ́n máa ń hùmọ̀ jù ní wọ́ọ̀dù. Ẹ ó rí fáìlì tí gbogbo aláìsàn inú rẹ̀ ń mí ní 18 tàbí 20 láti àárọ̀ dalẹ́. Bẹ́ẹ̀, ara àmì tó kọ́kọ́ ń yí padà nígbà tí àìsàn ẹni bá ń burú sí i ni mímí wà. Lẹ́yìn tí ẹ bá ka iṣan ọwọ́ tán, ẹ má tíì fi ọwọ́ aláìsàn sílẹ̀, ẹ wo àyà rẹ̀ kí ẹ ka mímí fún odidi ìṣẹ́jú kan láìsọ fún un, nítorí ẹni tó bá mọ̀ pé wọ́n ń ka mímí òun á yí i padà. Fún àgbàlagbà tó sinmi, 12 sí 20 ló yẹ kó jẹ́.

Wọ́n ń fọ ojú egbò ńlá kan ni òòyì kọ́ mi, etí mi ń hó, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lu tábìlì. Ṣé iṣẹ́ yìí kò wá fún mi ni?

Ó wá fún yín. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọkàn yín dẹwọ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ yín sì fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wá rọ́ sísàlẹ̀ ẹsẹ̀, kò sì dé ọpọlọ tó bó ṣe yẹ. Dídúró sójú kan pẹ̀lú orúnkún tó nà gbagidi, ebi, ooru àti ìbòmú tó há ló ń bá a gbè lẹ́sẹ̀. Ẹ jẹun, ẹ mu omi kí ẹ tó lọ. Ẹ máa gbé ara láti ẹsẹ̀ kan sí èkejì, kí ẹ máa fún ẹran itan àti ìdí pọ̀, kí ẹ sì dẹ̀ ẹ́. Bí òógùn tútù bá ti bò yín, tí ojú ń ṣú, ẹ fi ẹ̀yìn rìn kúrò nídìí iṣẹ́, ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí ẹ tẹ orí ba sáàárín orúnkún, tàbí kí ẹ dùbúlẹ̀. Ẹ sọ fún ọ̀gá yín ṣáájú pé ó ti ṣe yín rí. Lọ́pọ̀ ìgbà, bí wíwo egbò bá ti ń mọ́ yín lára, á lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ máa ń dákú níbòmíràn, tàbí nígbà tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ agbára, ẹ lọ rí dókítà.

Abẹ́rẹ́ tí ọ̀rẹ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fi gún aláìsàn gún òun náà níka nígbà tó fẹ́ dé e padà. Kò sọ fẹ́nì kankan, nítorí wọ́n ti ní kí a má ṣe dé abẹ́rẹ́. Ó ń bẹ̀rù pé wọ́n á lé òun.

Ẹ mú ọwọ́ rẹ̀ lónìí, kí ẹ jọ lọ bá ọ̀gá. Nínú gbogbo lẹ́tà tó wà níwájú wa, èyí ni kò ṣeé fi falẹ̀.

Ìgbésẹ̀ rẹ̀ rèé. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ibẹ̀. Ẹ má fún ẹ̀jẹ̀ jáde níbẹ̀, ẹ má fẹnu fà á mu, ẹ má da oògùn amúnǹkanfunfun sí i. Bó bá jẹ́ ojú ni ẹ̀jẹ̀ ta sí, omi nìkan ni kí ẹ fi ṣàn án. Ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì kọ aago tó ṣẹlẹ̀, irú abẹ́rẹ́ tó jẹ́, bó ṣe wọlé tó, àti aláìsàn wo ni. Oògùn ìdènà HIV ń ṣiṣẹ́ dáadáa bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Láàárín wákàtí díẹ̀ ló dára jù, kò sì gbọ́dọ̀ kọjá wákàtí 72. Ọjọ́ 28 ni wọ́n fi ń lò ó. Bí wákàtí 72 bá ti kọjá, kó ṣì lọ, nítorí wọ́n á ṣe àyẹ̀wò ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì wo ọ̀rọ̀ Hepatitis B, àrùn ẹ̀dọ̀ tó ń ràn láti inú ẹ̀jẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bẹ̀rù HIV, wọ́n sì máa ń gbàgbé Hepatitis B. Bí abẹ́rẹ́ ẹni tó ní HIV bá gún èèyàn, nǹkan bíi ẹni 3 nínú 1,000 ló máa ń kó o. Ti Hepatitis B, fún ẹni tí kò gba àjẹsára, lè tó 6 sí 30 nínú 100. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ kí ẹ tó fẹsẹ̀ kan wọ́ọ̀dù: ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sábà máa ń gún un, láàárín oṣù mẹ́fà. Ẹ má ṣe fo ìkẹta.

Láti ìsinsìnyí lọ, kí ẹ tó gún ẹnikẹ́ni, ẹ gbé àpótí abẹ́rẹ́ sí ibi tí ọwọ́ yín lè tó. Bí àpótí bá jìnnà, ọwọ́ á fẹ́ dé abẹ́rẹ́ padà. Bó bá sì ti kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Iṣẹ́ pọ̀ ní wọ́ọ̀dù wa, nọ́ọ̀sì kò sì tó. Wọ́n máa ń ní kí n lọ ṣe ohun tí n kò ṣe rí. Bí mo bá ní mi ò mọ̀ ọ́n, wọ́n á ní ọ̀lẹ ni mí. Nígbà míì, mo máa ń rí i pé ara aláìsàn ń yí padà, àmọ́ mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ tí wọn ò fi ní jágbe mọ́ mi.

Ẹ má sọ pé "mi ò mọ̀ ọ́n" kí ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ sọ pé, "Sístà, mo ti wo èyí lẹ́ẹ̀mejì, mi ò tíì fọwọ́ ara mi ṣe é. Mo ti to gbogbo ohun èlò rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè ṣe é lójú yín?" Sístà tó rí i pé ohun èlò ti wà nílẹ̀ mọ̀ pé ìṣẹ́jú márùn-ún péré lẹ ń tọrọ. Bí wọn ò bá ráyè rárá, ẹ fi iṣẹ́ tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe rọ́pò: "Ẹ jẹ́ kí n bá yín wọn ìfúnpá àwọn tó kù." Àmọ́ ohun kan wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, bó ti wù kó jẹ́ ọ̀gá tó: sírínjì tí ẹlòmíràn ti fa oògùn sí lẹ́yìn yín, tí kò sí orúkọ kankan lára rẹ̀.

Ní ti ìròyìn aláìsàn, ẹ to ọ̀rọ̀ yín kí ẹ tó lọ bá wọn. Ẹ sọ ẹni tí ẹ jẹ́ àti aláìsàn tí ẹ ń sọ, ohun tó gbé e wá, ohun tó yí padà pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, àti ohun tí ẹ fẹ́. Ẹ gbọ́ ọ bíi báyìí: "Sístà, èmi ni akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní bẹ́ẹ̀dì 6. Ìyá tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún láàárọ̀, mímí wọn ti di 28. 16 ló wà ní wákàtí méjì sẹ́yìn. Ọwọ́ wọn tutù, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ kátikàti. Mo fẹ́ kí ẹ wá wò wọ́n báyìí." Kò tó ìṣẹ́jú kan. Ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n jágbe mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni "Sístà, ẹ wá wo ìyá kan, ara wọn ò yá," nígbà tí gbogbo ẹni tó wà ní wọ́ọ̀dù ni ara wọn ò yá.

Èébú yàtọ̀ sí ìbáwí o. Bí ẹnì kan bá ń bú yín lójú aláìsàn léraléra, ẹ kọ ọjọ́, aago àti ọ̀rọ̀ tó sọ gan-an, kí ẹ mú un lọ bá olùkọ́ tó ń bójú tó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọ́ọ̀dù yín láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà. Bí ẹ bá jẹ́ kó di òpin sáà, kò sẹ́ni tó máa rántí mọ́.

Nínú ìdánwò ìṣe, wọ́n ní mo kó kòkòrò bá ojú iṣẹ́ mi nígbà tí mo ń di egbò. Mi ò rí ibi tí mo ti ṣe é.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibi ṣíṣí páálí ohun èlò mímọ́, ìyẹn èyí tí wọ́n ti pa gbogbo kòkòrò ara rẹ̀. Ìṣẹ́po àkọ́kọ́ ni kí ẹ ṣí síwájú, kúrò lọ́dọ̀ yín, ẹ ṣí ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ wá fa èyí tó kù sọ́dọ̀ ara yín kẹ́yìn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣí èyí tó kọjú sí i á ní láti na apá kọjá lórí ohun mímọ́ kó tó ṣí ìyókù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, sẹ̀ǹtímítà 2.5 tó yí etí aṣọ ojú iṣẹ́ ká kò sí lára ibi mímọ́. Ohunkóhun tó bá sọ̀ kalẹ̀ kọjá ìbàdí yín ti bàjẹ́. Bí ẹ bá kẹ̀yìn sí i, ó ti bàjẹ́. Bí omi bá rin aṣọ náà, kòkòrò ti gba inú rẹ̀ gòkè wá láti ara tábìlì.

Ẹ fọ egbò láti ibi tó mọ́ lọ síbi tó dọ̀tí, òwú kan fún ìnù kan, kí ẹ jù ú nù. Oògùn ìfọwọ́ olótí ń gba ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30, ọṣẹ àti omi ń gba 40 sí 60. Bí ọwọ́ bá dọ̀tí tó ṣeé fojú rí, ọṣẹ àti omi ni kí ẹ lò.

Bí ọwọ́ yín bá kan ibi tí kò yẹ níwájú olùdánwò, ẹ sọ ọ́ sókè: "Mo ti fọwọ́ kan etí rẹ̀, mo máa pààrọ̀ ìbọ̀wọ́." Ẹni tó mọ̀ pé òun ti ba nǹkan jẹ́, tó sì tún un ṣe, mọ iṣẹ́.

Èmi ni wọ́n ń fa akẹ́kọ̀ọ́ lé lọ́wọ́ ní wọ́ọ̀dù. Báwo ni mo ṣe lè bá wọn wí tí ọkàn wọn kò fi ní rẹ̀wẹ̀sì? (Nọ́ọ̀sì àgbà)

Ẹ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ka ìgbésẹ̀ iṣẹ́ náà fún yín ní ọ̀ọ́dẹ̀ kí ẹ tó jọ wọlé. Èyí tó pọ̀ jù nínú àṣìṣe á ti jáde síbẹ̀, aláìsàn kò sì ní gbọ́. Ẹ jọ fẹnu kò sí ọ̀rọ̀ kan tí ẹ ó máa lò bí ewu bá dé lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, bíi "dúró díẹ̀," kí ọwọ́ rẹ̀ lè dúró láìsí ariwo. Àtúnṣe kan tàbí méjì ló tó fún ọjọ́ kan, kí ẹ sì sọ ọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú.

Aláìsàn tí mo tọ́jú fún ọjọ́ mẹ́sàn-án kú lójú mi. Wọ́n ní kí n wá bá wọn tọ́jú òkú rẹ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Àwọn tó kù ń ṣe bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Ẹ pẹ̀lẹ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án kì í ṣe ọjọ́ kan.

Iṣẹ́ náà ní ètò, ètò yẹn sì máa ń gbé ọwọ́ tó ń gbọ̀n ró. Ẹni tó láṣẹ ló máa jẹ́rìí sí ikú, tó máa kọ aago rẹ̀, tó sì máa sọ fún àwọn ẹbí. Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ nìyẹn. Ẹ fa aṣọ ìkélé. Ẹ tẹ́ òkú náà gbọọrọ, kí ẹ fi ìrọ̀rí kan sábẹ́ orí rẹ̀. Ẹ pa ojú rẹ̀ dé, kí ẹ na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í le, nítorí láàárín wákàtí díẹ̀ ni ara ń le. Ẹ má yọ okùn dírípù tàbí rọ́bà kankan títí wọ́n á fi sọ pé kí ẹ yọ ọ́, nítorí wọ́n lè fẹ́ wádìí ohun tó fa ikú. Ẹ ṣì máa wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ lè máa pe orúkọ rẹ̀, kí ẹ máa sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe fún un, bí ẹ ti máa ń ṣe nígbà tó wà láàyè. Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó dà bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ yẹn ní aláìsàn mẹ́wàá mìíràn tí wọ́n ń lọ bá. Ẹ bi ọ̀kan nínú wọn lẹ́yìn iṣẹ́ bó ṣe rí fún òun ní ti àkọ́kọ́, á sọ fún yín. Ẹ tọrọ ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́wọ́ sístà kí ẹ tó padà sídìí àwọn tó kù, pàápàá bó bá jẹ́ oògùn lẹ fẹ́ lọ pín. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí oorun kò wá, tàbí tí ẹsẹ̀ yín bá ń wúwo láti wọ yàrá yẹn, ẹ lọ bá olùgbaninímọ̀ràn ilé ẹ̀kọ́ yín, kí ẹ sì sọ fún un pé ọjọ́ mẹ́sàn-án ni.